Ohun Tí Tísà Thwaite Ń Wá Nílé Tabitha

Nígbà tí Tísà Ambrose Thwaite kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn, tó ní òun fẹ́ kọ ìtàn ayé Jabez, ojú lásán kọ́ ni Tabitha fi wò ó. Jabez ni àbúrò Tabitha tó ti kú. Ó ń hunṣọ nílé iṣẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Garside, ó sì ń kéwì. Ìgbà tó kéwì bú ọ̀gá ni wọ́n lé e. Ilé àwọn aláìní ló kú sí.

"Kí lẹ fẹ́ fi òkú tálákà ṣe, Tísà?"

"Àwọn ọmọ iléèwé mi ti mọ ewì ẹ̀ sórí, Ìyáàfin. Ó yẹ kí wọ́n mọ ẹni tó kọ ọ́."

Lóòótọ́, Thwaite ló dá ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fáwọn ahunṣọ, òun ló kọ́ Enoch, ọkọ Tabitha, ní ìwé kíkà nígbà tí irun orí rẹ̀ ti funfun. Síbẹ̀, ara obìnrin náà kò lélẹ̀. Ẹni tó ń da àgbàdo fádìẹ, ọwọ́ tó fi pamọ́ sẹ́yìn là á wò.

Kò pẹ́, ìròyìn kàn pé Thwaite ń du ipò aṣòfin, Garside ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣó o rí i?" ni Tabitha wí. "Ìbò ẹ ló ń wá, Enoch. Á fọ Garside mọ́ tónítóní nínú ìwé, á wá sọ àbúrò mi di ọ̀mùtí."

"Ìwọ náà! Bí áńgẹ́lì bá kí ẹ káàárọ̀, wàá ní kó fìyẹ́ ẹ̀ hàn ẹ́."

Lọ́jọ́ ìpàdé ìpolongo ìbò, Tabitha jókòó síwájú pátápátá. Garside wà lórí pèpéle. Bí Thwaite ṣe ń sọ̀rọ̀ iléèwé lọ, obìnrin náà dìde.

"Tísà! Ta ló lé Jabez lẹ́nu iṣẹ́?"

Thwaite wo Garside, ó wá kọjú sáwọn èrò.

"Ọ̀gbẹ́ni Garside tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé."

Garside mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Thwaite fìdí rẹmi nínú ìbò náà.

Nígbà tí ìwé jáde, Enoch kà á fún ìyàwó rẹ̀. "Padà sẹ́yìn, tún ibẹ̀ yẹn kà," ni Tabitha ń wí ṣáá. Kò rí irọ́ kankan mú, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe fẹ́ kó hàn lọ.

Tísà ni Thwaite ṣe títí ọlọ́jọ́ fi dé. Tabitha lọ síbi ìsìnkú náà. Ó ń wo ẹnu àlùfáà, bóyá yóò purọ́ mọ́ ọkùnrin náà.