Ohùn Ìyá Àgbà Nínú Fóònù Màmá

Ìdí-Ìrókò ni mo ti ra fóònù náà fún Màmá. Àlòkù láti Kutonú ni. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n bí a bá ti tàn án, àmì ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n fi Faransé kọ ni yóò kọ́kọ́ yọ, orin kan yóò sì bú jáde bíi fèrè ọkọ̀ àjàgbé. Ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, etí ló fi ń mọ̀ pé fóònù ti tàn. Gbogbo ìgbà tí orin yẹn bá ké ni ó máa ń ta gìrì.

"Ẹ bá mi pa nǹkan yìí lẹ́nu mọ́," ó wí. "Ó ń jágbe mọ́ mi bí aṣọ́bodè."

Àbúrò mi obìnrin, tó ń kàwé ní poli ní Ìlaròó, ti wálé sí Ayétòrò ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ní òun kò ní pa á lẹ́nu mọ́, òun á fi ohùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ ni. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn tó ṣe fóònù ti ti apá kan pa nínú rẹ̀ kí ẹni tó rà á má bàa fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni orin àti àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ wà. Ṣíṣí ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní rúùtù.

"Ohùn ta lo fẹ́ fi síbẹ̀?" mo bi í.

"Ti Ìyá àgbà."

Ìyá tó bí Màmá ló ń wí. Eggua ló ń gbé, ojú Màmá kò sì jẹ́ kí wọ́n ríra mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Mo fi ọ̀kadà mi gbé àbúrò mi lọ sí Eggua lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní kí Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n máa na ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń júwọ́ síni, ó sì ń ya fọ́tò ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá sún. Ó ní bí àwọn fọ́tò náà bá ń yára tẹ̀ lé ara wọn, ọwọ́ yóò máa mì.

"Apá ń ro mí o!" ni Ìyá àgbà kígbe. "Ṣé ọlọ́pàá ló mú mi ni?"

Ó wá ku ohùn. Ìyá àgbà kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò mi kò bá wọn jiyàn. Ó gbé fóònù tirẹ̀, tó ń gba ohùn sílẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó ní kí wọ́n sọ bí Màmá ṣe rí ní kékeré. Ìtàn ń lọ, ara ń tù wọ́n, títí wọ́n fi ní, "Bó o bá délé, báyìí ni kó o bá mi kí i: Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ni àbúrò mi mú, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kejì, ó so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó kọ́kọ́ da fọ́tò àti nọ́ńbà Màmá kọ síbòmíràn, nítorí ṣíṣí yẹn máa ń pa gbogbo nǹkan rẹ́. Ó tún tọ́jú ẹ̀dà orin àti àwòrán àtijọ́. Lójú tèmi, ó ń fi àkókò ṣòfò. Nígbà tó ṣe tán, tó tan fóònù, àmì yọ, ojú fóònù ṣú, àmì tún yọ, ó tún ṣú.

"O ti bà á jẹ́!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀."

Ó dá ẹ̀dà àtijọ́ padà, fóònù sì tàn. Ó wá ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, ó sì rí i pé àwọn fọ́tò náà tóbi ju ojú fóònù lọ. Èmi ì bá ti pa á tì. Òun tún gbogbo wọn gé. Bí mo ṣe ń wò ó, orí mi ń wú.

Màmá ń bó ẹ̀gúsí nígbà tí a gbé fóònù náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí a sì tàn án.

"Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí?"

"Dáadáa ni, Màmá!" Ó ti kúnlẹ̀ kó tó mọ̀ pé fóònù ni, ẹ̀gúsí sì dà sílẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ń wo ọwọ́ tó ń mì. "Wọ́n ti rù. Ẹ mú mi lọ bá wọn."

A mú un lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kí àbúrò mi tó padà sí ilé-ìwé. Nígbà tí fóònù sọ̀rọ̀ ní Eggua, Ìyá àgbà yíjú padà.

"Ta ni arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá," ni ọmọ wọn fèsì.

Wọ́n ní kí a tún un tàn. "Ohùn mi ṣì dùn o," wọ́n wí, wọ́n sì fa Màmá mọ́ra. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Mo lọ bá a, mo ní, "O ṣeun gan-an." Ó fọwọ́ sí ètè pé kí n dákẹ́, kí òun lè gbọ́ ohun tí àwọn méjèèjì ń bára wọn sọ.