"So Ó" àti "Sọ̀ Ọ́" Lábẹ́ Ẹ́ńjìnnì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀tà, láyé òyìnbó, tí igbó ṣì kún àdúgbò Sàngó, ọkọ̀ ojú omi kan wà nínú àgbàlá wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Bàbá wa ló fi ń kó ẹrù láti Adó-Odò lọ sí Àgbádárìgì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́, ó fi lọ́rì gbé e wálé.

Ó tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe tán. Ó kù kí wọ́n dá a padà sínú ọkọ̀. Wọ́n ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀, wọ́n so orí wọn pọ̀, wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ tí a fi ń fa omi ní kànga wa gbé ẹ́ńjìnnì náà kọ́. Àwọn àbúrò bàbá wa ló di okùn mú. Bàbá wa wà nínú ọkọ̀, ó ń fi pákó tẹ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, kí ó lè ṣe déédéé pẹ̀lú ọ̀pá irin tí ń yí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀. Bí wọn kò bá dọ́gba, ọ̀pá yóò máa gbọ̀n títí yóò fi kán lójú omi.

Ó fẹ́ ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ láti pààrọ̀ pákó kan, ó sì ní kí wọ́n so okùn mọ́ igi: "Ẹ so ó!" Ṣùgbọ́n eyín ló fi di òwú tó fi ń wo títọ́ ọ̀pá náà mú. "Ẹ sọ̀ ọ́" ni wọ́n gbọ́. Wọ́n bá dẹ okùn kí ẹ́ńjìnnì lè sọ̀ kalẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ̀ o!" Ìyá wa ló ké. Wọ́n fa okùn padà, ọ̀kan nínú wọn fìdí jálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti tẹ apá ẹ̀wù bàbá wa mọ́ pákó.

Bàbá wa ní, "Ọwọ́ lásán ni, kì í ṣe orí."

Ìyá wa ní, "Ọwọ́ yẹn ló ń bọ́ mi!"

Ìyá wa dúró ti ọkọ̀ náà, ó ní òun nìkan ni yóò máa pàṣẹ: bí wọ́n bá fẹ́ so ó, òun yóò ké "Dì í!", bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ ọ́, òun yóò ké "Ilẹ̀!"

Àwọn àbúrò bàbá wa ní, "Ìyàwó wa ti di ọ̀gá ọkọ̀!"

"Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ di okùn yín mú. Ilẹ̀! Díẹ̀!"

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ́ńjìnnì ti jókòó déédéé, ìka bàbá wa sì pé.

Lónìí, ilé iṣẹ́ ti kún Sàngó. Ọmọ tí mo bí ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú wọn. Ó ní bọ́tìnnì lòun ń tẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń gbé irin sókè. Iṣẹ́ ti rọrùn, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n ó ní ariwo ibẹ̀ pọ̀ débi pé bí ẹnìkan bá ké, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní gbọ́. Láti ìgbà tó ti sọ ìyẹn, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí títí yóò fi dé.