Kànga Mi Ló Bàjẹ́, Orúkọ Bàbá La Kọ Síwèé Ẹjọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀wọ̀ àgbà ṣe ba ẹjọ́ mi jẹ́ ní kóòtù. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o!

Mahuta ni mò ń gbé, níbí ní Kaduna. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdọ̀tí sẹ́yìn ilé wa. Kò pẹ́ tí omi kànga mi fi ń rùn, tí èélá sì bo ara àwọn ọmọ mi. Mo kọ lẹ́tà títí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Inú bí mi gan-an.

Mo gbé e lọ sípàdé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá. Wọ́n ní ká pe ìjọba lẹ́jọ́, wọ́n sì bá mi wá lọ́yà. Lọ́yà ní orúkọ ta ni kí òun kọ? Gbogbo ilé ní orúkọ Bàbá Alága ẹgbẹ́ wa ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àbí? Ṣé èmi tíṣà lásán ni kí n wá ṣáájú Bàbá? Lọ́yà ní ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló yẹ kó pẹjọ́. A ní Bàbá ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wa. Èmi gan-an pàtẹ́wọ́!

Ohun tá a gbàgbé ni pé Kawo ni Bàbá ń gbé, ní òdìkejì ìlú.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Lọ́yà ìjọba bi Bàbá bóyá wọ́n ti mu omi kànga náà rí. Bàbá kì í purọ́. Wọ́n ní, "Wallahi, mi ò mu ún rí. Omi ẹ̀rọ là ń mu ní Kawo."

Kí ló tún kù? Adájọ́ ní ìdọ̀tí yẹn ò pa Bàbá lára, wọn ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́ lé e lórí. Ó da ẹjọ́ nù. Èmi tí mo ni kànga wà lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ délé.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá fúnra wọn wá sílé mi. Wọ́n ní kí n fa omi wá. Mo fà á, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n mirí.

"Haba, Ìyá Kẹ́mi! Èyí lo fi ń wẹ ọmọ? Lọ kọ orúkọ ara ẹ. Ẹ̀yìn ẹ lèmi á jókòó sí."

Mo kọ ọ́, lọ́yà sì pe ẹjọ́ tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, adájọ́ ní èmi ni nǹkan ṣe, mo lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́, ká máa bá a lọ. Ẹjọ́ ò tíì parí o, omi ọ̀hún ṣì ń rùn. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni akọ̀wé kóòtù pè, mo sì dìde. Bàbá wà lórí bẹ́ńṣì tí mo jókòó sí lọ́jọ́sí.

Ẹ máa bọ̀wọ̀ fágbà, ó dára. Àmọ́ ní kóòtù, ẹni tí nǹkan ṣe ni kó kọ orúkọ. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ara yín ni kẹ́ ẹ fi sí i!