Bí Mo Ṣe Pàdé Amal ní Pápá Tẹníìsì Kútọnu

Aago márùn-ún àárọ̀ kò tíì lù tí mo fi jáde nílé wa ní Ajégúnlẹ̀. Ìyá mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Bọ́lá, bí ẹnikẹ́ni bá máa nà ọ́, jẹ́ kí ó kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́."

Kútọnu ni mò ń lọ, fún ìdíje tẹníìsì àwọn obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ gbá tẹníìsì ní Àpápá GRA, ṣùgbọ́n ara ògiri iléèwé kan ní Ajégúnlẹ̀ ni mo ti kọ́ eré náà. Ọdún kẹfà nìyí tí mo ti ń wá póìntì kan ṣoṣo tí yóò gbé orúkọ mi wọ ìwé àwọn tó ń fi tẹníìsì jẹun lágbàáyé.

Èmi àti kóòṣì mi, Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun, wọ mọ́tò ní Mile 2. Lẹ́yìn Bàdágìrì, àwọn tó ń dá mọ́tò dúró pọ̀ débi pé bí a bá ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn tibí, a ti ń rí okùn àwọn tọ̀hún lójú títì. Ní Sẹ̀mẹ̀ wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà wa, a sì bọ́ sójú ọ̀nà tó tẹ́jú.

Ọlọ́kadà Kútọnu máa ń wọ ẹ̀wù tó ní àwọ̀ ìyeyè. Zémíjàn ni wọ́n ń pè é, èyí tó túmọ̀ sí "gbé mi kíákíá" lédè Fọ̀n. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹfa, owó wọn níbẹ̀, ni èyí tó gbé mi gbà. Ó bi mí pé, "Ṣé Ànàgó ni yín?" Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ìyá tó bí ìyá mi, ará Kétu ni. Ẹ káàbọ̀ sílé."

Ẹ̀kọ la jẹ nírọ̀lẹ́. Akasa ni wọ́n ń pè é, inú ewé ló sì wà bíi tiwa, àmọ́ ẹja díndín àti ata tútù tí wọ́n lọ̀ mọ́ àlùbọ́sà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, kì í ṣe àkàrà.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni a fi du àyè láti wọlé sínú ìdíje gan-an. Mo borí ọmọ Faransé kan tó mú kóòṣì méjì wá, mo tún borí ẹnì kan sí i. Ọjọ́ kẹta ló wá kan èmi àti Amal, ọmọ Sùdáàn; ẹni tó bá borí nínú àwa méjèèjì ni yóò gba póìntì.

Níbi tí a ti ń múra ni mo ti bá a, tó ń wo rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Okùn rẹ̀ ti já, ọkùnrin tó ń tún un ṣe kò sì ní í dé títí di ọ̀sán.

Mo ní, "Kò sí òmíràn?"

"Àwọn yòókù wà nílé wa ní Kàtúùmù. Ilé náà ti jó." Ó ní ọjọ́ tí ogun dé àdúgbò wọn, ẹyọ kan ni òun lè mú. Káírò ló ń gbé báyìí. Ìyá rẹ̀ kò tẹ̀ lé e, torí pé ìyá àgbà kò lè rìn. "Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí fóònù wọn kò lọ."

Rákẹ́ẹ̀tì méjì ni mo ní. Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bọ́lá, bí tìrẹ náà bá já ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá borí torí pé kò rí nǹkan fi gbá bọ́ọ̀lù, kí ni mo borí?"

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ara wọn yọ rákẹ́ẹ̀tì kejì fún un. Amal gbà á, ó dúpẹ́, ó ní, "Ṣùgbọ́n má ṣàánú mi nínú pápá. Àánú ti sú mi."

Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, mo gba ìkejì. Nínú ìkẹta, a wà ní mẹ́ta sí mẹ́ta nígbà tí mo rí i tó ń wo àpò tí fóònù rẹ̀ wà. Ọwọ́ mi rọ̀, mo fi bọ́ọ̀lù kan ránṣẹ́ jẹ́jẹ́. Ó fi gbogbo agbára lù ú padà, ó sì tẹjú mọ́ mi. Ojú tì mí. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí mo ní ni mo fi bá a jà. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó, méje sí márùn-ún sì ni mo fi gbà á. Mo sunkún níbẹ̀.

Amal dì mọ́ mi. "Bó ṣe yẹ kí o gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn lé mi jáde nínú ìdíje, ṣùgbọ́n póìntì náà ti di tèmi. Mo fi rákẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ fún Amal.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n gbọ́ nípa póìntì, wọ́n yọ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Kí lorúkọ ìyá ọmọ yẹn?"

Mi ò mọ̀. Mo mọ bí Amal ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, mo mọ ibi tó ti lè kọsẹ̀, mi ò sì béèrè orúkọ ìyá rẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Èsì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì: "Halima. Mi ò tíì gbọ́ ohùn wọn."

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé ẹni tí ogun lé kúrò nílé kò fẹ́ ká gbé eré sílẹ̀ fún òun. Ká fi gbogbo agbára bá a díje, ká sì béèrè àlàáfíà ará ilé rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi ń gbàdúrà láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n dárúkọ èmi, wọ́n dárúkọ àwọn àbúrò mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n dárúkọ Halima, wọ́n sì pẹ́ lórí tirẹ̀ ju tiwa lọ.