Lápútọ́ọ̀pù Tí Tíṣà Fámúrewá Gbé Lọ sí Ìkórè

Bí ẹ bá dé Ìkẹ́rẹ́ lónìí tí ẹ béèrè Tíṣà Fámúrewá, wọn yóò bi yín pé ṣé èyí tó ra kọ̀ǹpútà yẹn ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì, ó mọ orúkọ gbogbo odò ilẹ̀ Áfíríkà lórí, síbẹ̀ nǹkan kan ṣoṣo yìí ni ìlú fi ń dá a mọ̀. Èmi Akíntọ́lá, tí a jọ ń kọ́ni ní ilé ìwé kan náà, wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Mo tiẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀ díẹ̀. Mo ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti ń fi iyọ̀ sí i jù.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì pé ọdún mẹ́fà nígbà náà. Owó ìgbéga Fámúrewá, tó ti há sí ọ́fíìsì kan fún ọdún méjì, jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìyàwó rẹ̀ ni Ìyá Ìyanu. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ náà ń pè é. Omi tútù àti sóbò ló ń tà nítòsí ibùdókọ̀, àràárọ̀ ló sì máa ń wọ takisí lọ sí Adó lọ ra yìnyín, tí ìdajì rẹ̀ á ti yọ́ sí i lẹ́sẹ̀ kó tó padà dé. Fìrísà ni obìnrin yìí ń fẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti ṣèlérí lójú èmi àti Fọlákẹ́mi ìyàwó mi, ìyá Bùsọ́lá ọmọ wa, pé bí owó yẹn bá ti lè jáde, fìrísà ni, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé. Nígbà tí owó wá jáde, ó wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́ láti ra fìrísà. Lápútọ́ọ̀pù ló gbé bọ̀.

Ó ní ẹjọ́ òun kọ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù fìrísà ni òun ń lọ, tí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù kejì fi ṣí àpótí pẹlẹbẹ kan, ni àwòrán ayé bá yọ nínú rẹ̀, tòun ti gbogbo odò, ó ń yí lọ ó ń yí bọ̀. Ẹ gbọ́, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níwájú tíṣà jọ́gíráfì! Owó tó tó màlúù mẹ́ta ló kà sílẹ̀ níbẹ̀, kò dúró ná an dáadáa.

Ìyá Ìyanu kò pariwo. Ó wo nǹkan náà títí, ó wá béèrè bóyá ó ń mú omi tutù. Ọkọ rẹ̀ ṣàlàyé pé gbogbo ayé ti wà nínú ilé àwọn báyìí. Obìnrin náà ní a kú oríire. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún wọ takisí lọ sí Adó lọ ra yìnyín.

Kò pé oṣù kan tí àbámọ̀ fi dé. Bátìrì lápútọ́ọ̀pù náà kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ, iná sì wà nílùú bí àlejò ni. Fìrísà, bí iná bá dé fún wákàtí mẹ́ta lóru, yìnyín tó bá mú á dúró títí di ìrọ̀lẹ́. Lápútọ́ọ̀pù kì í rántí oore iná. Ìka kan ṣoṣo ni Fámúrewá fi ń tẹ̀ ẹ́, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ìbéèrè ìdánwò kíláàsì kan gbà á ní ọjọ́ mẹ́rin, kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, ló bá jókòó, ó fi báírò dà á kọ. Lẹ́yìn náà ó kù kí ó máa fi ta káàdì bí ẹni ta ayò. Kọ̀ǹpútà náà ló sì ń jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé Fámúrewá á fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ níta. Bí nǹkan náà ṣe ń sú u nílé ni ìyìn rẹ̀ ń pọ̀ sí i ní ọjà. Ó ní kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn lè fọwọ́ kàn, pé ẹni tí kò kàwé tó bá tẹ ibi tí kò yẹ, gbogbo inú rẹ̀ á jóná. Ó ní ó ní pásíwọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ àṣírí kan tó ń ṣí i, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ láyé àfi òun. Orí mi a máa gbóná tí mo bá gbọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lábẹ́ àpáta Olósùnta níbi tí a ti máa ń gba atẹ́gùn, ó wá tú u sọ fún mi. Ó wolẹ̀, ó ní, "Akin, mo ti ṣì í rà. Fìrísà ni n bá gbé wá ulé." Ó ní òun ti rí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ òun, Dókítà Bámijókò, olùkọ́ àgbà kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ará Ìjàn, tó ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òun á fi owó náà ra fìrísà, òun á sì sọ fún ìyàwó òun pé èrè ló mú òun tà á. Ó ní kí n má sọ fún Ìyá Ìyanu rárá pé ó dun òun. Èmi kò sì sọ fún un. Fọlákẹ́mi ni mo sọ fún.

Ẹni tó bá ra nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa, yálà alùpùpù ni tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, á gbé e lọ síwájú pẹpẹ kí Fíkà, àlùfáà wa, gbàdúrà sí i. Fámúrewá kò tíì ṣe tirẹ̀, ojú sì ń tì í láti tà á láìdúpẹ́. Fíkà ní kó gbé e wá ní ọjọ́ Ìsinmi lásán. Ó kọ̀. Ọjọ́ ìkórè ló fẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó á ti wálé, kí wọ́n lè rí òun àti ẹ̀rọ náà dáadáa lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ.

Ọjọ́ ìkórè ọ̀hún sì ní òfin tirẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ náà, iṣu ni o, ewúrẹ́ ni o, akọ̀wé ìkórè á fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí i lára. Ohun tí ṣọ́ọ̀kì bá ti kàn ti di ti Ọlọ́run. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó rà á ní bàsá, ìyẹn gbàǹjo, lẹ́yìn ìsìn. Èmi ni akọ̀wé ìkórè lọ́dún náà, Fámúrewá sì fọkàn tán mi pé n kò ní kọ tirẹ̀.

Fámúrewá fi aṣọ funfun di lápútọ́ọ̀pù, ó gbé e lérí, ó jó wá láti ẹnu ọ̀nà. Ó gbé e kalẹ̀ láàárín òkìtì iṣu àti obúkọ kan, ó dijú, ó ń bá ijó lọ. Mo dé ibẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì mi. Mo mọ̀ pé ó ń retí Dókítà Bámijókò lọ́jọ́ kejì, n kò purọ́. Mo yíjú sí Ìyá Ìyanu tó ń jó lẹ́yìn rẹ̀, mo béèrè bóyá ti ìkórè ni. Ó wo nǹkan náà, ó wo ọkọ rẹ̀ tó dijú, ó ní, "Kọ ọ́, Bàbá Bùsọ́lá. Uṣẹ́ Ọlọ́un ni." Ta ni mo jẹ́ tí n ó bá obìnrin jiyàn lórí ẹrù ọkọ rẹ̀? Mo kọ ọ́: kẹtàdínlógún.

Ìgbà tí bàsá bẹ̀rẹ̀ ni Fámúrewá tó lajú. Bàbá Ògúnṣọlá, awakọ̀ lọ́rì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń polówó ọjà, ohùn rẹ̀ kò nílò makirofóònù. Ó gbé lápútọ́ọ̀pù sókè, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń jọ́sìn níbẹ̀, òun kò rí irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ rí, pé ẹlòmíràn mú ewúrẹ́ wá, Tíṣà gbé ayé lódindi wá fún Ọlọ́run. Gbogbo ìjọ dìde. Àwọn ìyá kọrin fún un, àwọn ọmọ Èkó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Fíkà fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo rí i tó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Àmín ló jáde.

Ẹgbàárùn-ún náírà ni Bàbá Ògúnṣọlá fi bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àgbẹ̀ kan béèrè bóyá kẹrosín-ìn ló ń mu. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Èkó fẹ́ nawọ́, ìyá rẹ̀ fà á jókòó, ó ní Tíṣà ti sọ ọ́ pé inú rẹ̀ ń jóná. Ẹlòmíràn ní kí la fẹ́ fi ṣe, nígbà tó jẹ́ pé Tíṣà nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ tó ń ṣí i. Gbogbo ìyìn tó fi ń yin ara rẹ̀ láti oṣù mẹ́rin ló padà wá bá a nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Wọ́n ra obúkọ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Lápútọ́ọ̀pù wálẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún kan. Fámúrewá ki ọwọ́ bàpò, ṣùgbọ́n ó ti ná gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sórí ijó. Ó wò mí. Mo wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

Ni ọwọ́ kan bá nà láàárín àwọn obìnrin, wọ́n gbọ́ ẹgbẹ̀rún méjì. Ìyá Ìyanu ni. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n ní aya rere ni. Bàbá Ògúnṣọlá lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin náà tú owó ní ìdí aṣọ rẹ̀, ó gba rìsíìtì lọ́wọ́ mi, ó sì gbé ẹrù náà rù. Ọkọ rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e pé kó jẹ́ kí òun bá a gbé e. Ó ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Fámúrewá sùn bí ọmọdé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó rò pé Ọlọ́run ti yọ òun. Nígbà tí Dókítà Bámijókò dé lọ́jọ́ kejì, èmi náà wà níbẹ̀, torí kò sí ohun tí ì bá dá mi dúró sílé. Fámúrewá ní kí Ìyá Ìyanu gbé lápútọ́ọ̀pù òun wá. Ìyàwó rẹ̀ béèrè pé èwo ni tirẹ̀. Ó gbé e jáde tòun ti ṣọ́ọ̀kì lára, ó fi rìsíìtì lélẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé mi gàdàgbà lórí rẹ̀, ó fa àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Dókítà ná ọjà. Ojú tí Fámúrewá fi wò mí, àjà ni mo gbé ojú mi sí. Ibẹ̀ ló ti yé e pé ohun tí mo bá sọ fún Fọlákẹ́mi, Ìyá Ìyanu ti gbọ́ ọ.

Wọ́n ti fẹ́ fẹnu kò, nígbà tí Dókítà tan nǹkan náà tó sì béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Ìyá Ìyanu kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa yíjú sí Fámúrewá. Bó bá dákẹ́ báyìí, ọjà ti bàjẹ́, fìrísà ti di àlá, òun náà ò sì ní fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìyanu, pa á mọ́ra bó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n sọ fún mi lójú Dókítà pé fìrísà kọ́ ló yẹ kí o rà."

"Fìrísà ló yẹ kí n rà," ni Fámúrewá wí. "Mo ṣì í ṣe. Orúkọ rẹ ló ń ṣí i."

Dókítà béèrè pé ṣé Ìyá Ìyanu. Fámúrewá ní rárá, Felicia.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ìyanu, ọdún mẹ́rìndínlógún, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe obìnrin yìí ní orúkọ yẹn. Dókítà tẹ̀ ẹ́, ni ayé bá yọ, ó ń yí. Ìyá Ìyanu wò ó pẹ́. Ó gbé etí aṣọ rẹ̀, ó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ó sọ fún Dókítà pé ẹrù tó ń jẹ́ orúkọ òun kò lè lọ ní iye tí àwọn ń dá, kó fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé e. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sì fi lé e.

Fìrísà dé ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́, ọrùn Ìyá Ìyanu sì ni kọ́kọ́rọ́ náà ń gbé. Bí Fámúrewá bá ti ilé ìwé dé tó ní, "Ìyá Ìyanu, fún mi lómi," á sanwó bíi gbogbo ayé. Bó bá pe orúkọ kejì, ọ̀fẹ́ ni, a tiẹ̀ máa fi sóbò kún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i tó pè é, tó ń wo ẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Èmi náà gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, mo pè é ní Felicia. Owó omi méjì ló gbà lọ́wọ́ mi.