Kọ́kọ́rọ́ Kan, Ilẹ̀kùn Mẹ́ta

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ Tàíbátù ní Okere, nílùú Wàrí, ẹ má kàn na ọwọ́ sí àgádágodo kí ẹ ní èló ni. Yóò kọ́kọ́ bi yín pé, "Kí lẹ fẹ́ tì?" Bí ẹ bá ní ẹ ṣáà fẹ́ èyí tó tóbi, tó ń dán, ẹ ti fọwọ́ ara yín fa ìjà nìyẹn. "Orí èèyàn lẹ fẹ́ fi fọ́ ni, àbí ilẹ̀kùn lẹ fẹ́ fi tì?" Bó ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ nìyẹn láti ọdún méjìlélógún tó ti kúrò ní Ìsẹ́yìn wá bá ọkọ rẹ̀, Hàmídù, ní Wàrí. Wọ́n á bínú lọ, wọ́n á sì tún padà wá.

Ohun kan ló ń mú wọn padà. Bí páálí àgádágodo tuntun bá wọlé, Tàíbátù kì í tà á lọ́jọ́ náà. Á jókòó sílẹ̀, á mú kọ́kọ́rọ́ kan, á kì í bọ gbogbo àgádágodo tó kù, á tún mú òmíràn, títí á fi dé ìsàlẹ̀ páálí. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé orí rẹ̀ dàrú. Ṣùgbọ́n nínú ọjà pọ́ọ́kú yìí, kọ́kọ́rọ́ kan lè ṣí mẹ́rin, ó lè ṣí márùn-ún. Àwọn tó bá jọ ń gba kọ́kọ́rọ́ kan, kò ní ta méjì nínú wọn sí àdúgbò kan náà láéláé.

Àfi ìgbà tó lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ n'Ísẹ́yìn lóṣù Òkúdù! Hàmídù, tí kò ní sùúrù à ń jókòó ki kọ́kọ́rọ́, kó odidi páálí kan tà fún àwọn obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ogunu, létídò, tí ṣọ́ọ̀bù wọn tò sórí ìlà kan. Kò dán ẹyọ kan wò. Nígbà tí Tàíbátù dé, ó gbaná jẹ.

"Bàbá Ameerah, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe yìí?"

"Ta ni yóò mọ̀?" ni Hàmídù wí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Tàíbátù ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún rò ó pé obìnrin kì í tú ọkọ rẹ̀ síhòòhò láàárín ọjà, ló bá panu mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Rebecca, obìnrin Ìlàjẹ tó ń ta ẹja ní Ogunu, já wọ ìsọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyá Ameerah, èyí tó tóbi jù lẹ bá mi mú wá."

"Kí lẹ fẹ́ tì?"

"Olè ni mo fẹ́ tì síta! Ìyàwó ọmọ mi sì ni olè náà." Apẹ̀rẹ̀ ẹja mẹ́fà ló pòórá ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò já ilẹ̀kùn. Ọwọ́ òun ni kọ́kọ́rọ́ kan wà, ọwọ́ ìyàwó náà, Patience, ni ìkejì wà. "Mo ti kó ẹrù rẹ̀ síta láàárọ̀ yìí. Dámiláre ọmọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti dá ìyàwó rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀." Ó gbé àgádágodo rẹ̀ àtijọ́ lé orí tábìlì pé kí wọ́n wò ó, ọgbẹ́ kankan ò sí lára rẹ̀.

 Tàíbátù mọ àgádágodo yẹn: inú páálí tí Hàmídù kó tà ló ti wá.

Hàmídù sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ sí i létí pé, "Ta èyí tó tóbi fún un, kó máa lọ."

Háà! Tàíbátù yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n ń pè lólè! Ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run ni?" Ó ń bínú sí ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bínú sí ẹnu ara rẹ̀ tó pa mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mú àgádágodo idẹ kékeré kan, ó kọjú sí Rebecca. "Ìyá Dámiláre, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín. Ibi tí ẹ ti pe ọmọ yẹn lólè la ń lọ."

Kẹ̀kẹ́ gbé wọn dé Ogunu. Patience wà níta, níwájú ilé Rebecca tó kọjú sí ìlà ṣọ́ọ̀bù náà, ó jókòó ti àpò ẹrù rẹ̀, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ń wò ó bí ẹni ń wo ìran. Tàíbátù na ìka sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé ti Rebecca.

"Ẹ ki kọ́kọ́rọ́ yín bọ ibẹ̀ yẹn."

"Ti ẹlòmíràn ni!"

"Mo ní kí ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́!"

Rebecca ki kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ṣí. Wọ́n lọ sí ìkẹta, ìyẹn náà ṣí. Ariwo sọ.

"Ṣé ẹ̀yin náà lolè, Ìyá Dámiláre?" ni Tàíbátù bi í. "Gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà yìí ló lè wọ ṣọ́ọ̀bù yín láìfọ́ nǹkan kan."

"Ta ló ta nǹkan burúkú yìí fún wa?" ni ẹnì kan jágbe.

"Àwa ni. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́."

Wọ́n bú u dáadáa, wọ́n bú ọkọ rẹ̀, wọ́n bú ìsọ̀ wọn.  Tàíbátù fi àgádágodo idẹ náà ti ilẹ̀kùn Rebecca. "Irin ń dípẹtà létídò, idẹ kì í dípẹtà. Ọrùn rẹ̀ kúrú, kò sí àyè láti ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ fi já a. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sì ṣí òmíràn, mo ti dán an wò. Ẹ má sanwó."

Rebecca ò lè gbójú sókè. Ó mú ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, ó nà án sí Patience. "Ọmọ mi, gba tìrẹ. Jọ̀ọ́."

Patience dìde, ó gbé àpò rẹ̀. "Mama, hold your key. If fish miss tomorrow, you go still call my name."

Ó wọnú ilé Rebecca padà lọ. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ Rebecca, kò rí ẹni gbà á.