Ọ̀rọ̀ Àkọ́kọ́ Tó Jáde Lẹ́nu Súlè

Ọjọ́ tí Súlè àbúrò mi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ó ń gbọ́ràn dáadáa, ṣùgbọ́n kò tí ì sọ nǹkan kan rí. Bàbá mi ti ní bí a bá tún ti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ dé lásán lọ́jọ́ náà, a ò ní lọ síbẹ̀ mọ́.

Èmi, màmá mi àti ìyá àgbà, tí wọ́n ti gbé Abidjan pẹ́, la mú Súlè láti Másífà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀jìgbò. Áńtí tó ń kọ́ ọ jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sókè.

"Súlè, sọ pé bọ́ọ̀-lù."

Súlè wò wọ́n bí ẹni ń wo wèrè. Áńtí ń sún mọ́ ọn, wọ́n ń la ẹnu gbàgà, títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀. Ni Súlè bá pariwo: "Degáàjì!"

Faransé tí ìyá àgbà fi ń lé ewúrẹ́ ni.

"Màmá, kí ló sọ?" Áńtí bi ìyá àgbà.

Ìyá àgbà wolẹ̀. "Ó ní ẹ kú iṣẹ́ ni."

Màmá mi bú sẹ́kún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. "Alhamdulillahi! Máa bú wa, ọmọ mi! Ṣáà ti máa sọ̀rọ̀!"

Báyìí ni àṣírí ìyá àgbà tú.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́, wọ́n lọ dúró gbagidi níwájú Súlè, wọ́n ní kó lé àwọn náà. Súlè lé wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì ní a ò gbọdọ̀ pa ọjọ́ kankan jẹ níbẹ̀ mọ́.